Ẹ Má Jẹ́ Kó Jẹ́rìí Èké: Bí Mo Ṣe Ń Tọ́jú Irinṣẹ́ Tó Ń Fi Iṣẹ́ Inú Kọ̀ǹpútà Hàn

Ọmọ IT (akẹ́kọ̀ọ́ tó wá kọ́ṣẹ́) tó wà lọ́dọ̀ mi ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Tanke, n’Ílọrin, ló pè mí lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ó ní, “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wo nǹkan. Ó ní tmux ń jẹ gígábáìtì ogójì.” Ètò kékeré tó ń jẹ́ kéèyàn ṣí ojú tẹ́mínà púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan ni tmux, gígábáìtì mẹ́jọ péré sì ni mẹ́mórì kọ̀ǹpútà tó jókòó tì. Irinṣẹ́ tó sọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti ẹlòmíràn, tèmi ni. Èmi ni mo kọ ọ́, mo pè é ní `tani`, torí ìbéèrè tó ń dáhùn lórí tẹ́mínà (ojú ibi téèyàn ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà) ni pé, “Ta ní ń ṣiṣẹ́ níbí?” Mo ti gbé kóòdù rẹ̀ síta kí gbogbo ayé lè rí i, àwọn tí n kò mọ̀ rí sì ń lò ó lórí sẹ́fà wọn. Àyà mi já lọ́jọ́ náà.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ tọ́jú irú irinṣẹ́ yìí, ì báà jẹ́ tiyín, ì báà jẹ́ pé ẹ fẹ́ ran àwọn tó ń tọ́jú `ps`, `top` tàbí `htop`, àwọn irinṣẹ́ irú rẹ̀ tó gbajúmọ̀, lọ́wọ́, ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn ni pé ẹlẹ́rìí ni. Ohun tó bá wí ni àwọn èèyàn ń gbé ìdájọ́ kà. Tó bá ní lágbájá ló ń jẹ mẹ́mórì, lágbájá ni wọ́n máa pa, bóyá ìwé owó oṣù ni lágbájá ń ṣe lọ́wọ́, bóyá èsì ìdánwò ni.

Lórí Linux, inú `/proc` ni irinṣẹ́ wọ̀nyí ti ń rí ìròyìn wọn. Kò sí fáìlì gidi níbẹ̀. Ìgbà téèyàn bá ní kóun kà á ni kernel, ìyẹn ọkàn Linux fúnra rẹ̀, máa ń kọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Process kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ètò tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ní fódà tirẹ̀ níbẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀ ni orúkọ fódà náà. Nínú rẹ̀ lẹ ti máa bá fáìlì `stat`, ìlà kan ṣoṣo:

`2417 (tmux: server) S 1 2417 2417 0 -1 …`

Bí mo ṣe kọ kóòdù mi nígbà yẹn, ó ń gé ìlà yìí níbi tí àlàfo bá wà, ó wá ń mú ẹ̀ka kẹrìnlélógún bí iye mẹ́mórì. Àlàfo wà nínú orúkọ tmux. Ni gbogbo rẹ̀ bá sún síwájú ní ẹyọ kan. Ẹ̀ka kẹtàlélógún, tí í ṣe gbogbo àyè tí process náà là kalẹ̀ fún ara rẹ̀, tí wọ́n fi báìtì kà, lọ jókòó sí ipò kẹrìnlélógún, tó jẹ́ pé page, ìyẹn ègé mẹ́mórì tó sábà jẹ́ báìtì 4,096, ni wọ́n fi ń kà á. Kóòdù mi wá sọ ọ́ di ìlọ́po 4,096. Bí mẹ́gábáìtì mẹ́wàá ṣe di gígábáìtì ogójì nìyẹn. Ọmọ IT yẹn ló kọ́kọ́ rí ipasẹ̀ rẹ̀. Ó nawọ́ sí ibi tí ipò process máa ń wà, “s” kékeré ló wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ kernel kì í kọ “s” kékeré síbẹ̀ rárá. “s” tó bẹ̀rẹ̀ `server` ni.

Bó ṣe yẹ kẹ́ ẹ kà á rèé. Ẹ wá àkámọ́ ìbẹ̀rẹ̀ láti iwájú, kẹ́ ẹ wá àkámọ́ ìparí láti ẹ̀yìn ìlà. Ohun tó bá wà láàárín àwọn méjèèjì ni orúkọ. Ẹ kọ́kọ́ yọ ọ́ kúrò kẹ́ ẹ tó gé ìyókù. Ẹ má wá àkámọ́ ìparí láti iwájú o, torí systemd, ètò tó ń bẹ̀rẹ̀ àwọn ètò yòókù lórí Linux, ní ọmọ iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ `(sd-pam)`, àkámọ́ wà lára orúkọ rẹ̀, `((sd-pam))` lẹ sì máa bá nínú `stat`. Ẹni tó bá dúró níbi àkámọ́ ìparí àkọ́kọ́ ti ṣìnà. Ẹni ibi náà sì lè mọ̀ọ́mọ̀ fún process tirẹ̀ ní orúkọ tí `) R 1` wà nínú rẹ̀ kó fi tàn yín jẹ, torí ẹni tó ni process ló ń sọ ọ́ lórúkọ.

Ọ̀rọ̀ orúkọ yìí ò tíì tán. Báìtì 15 ni kernel ń gbà láàyè nínú àkámọ́ yẹn fún ètò tí àwa bá bẹ̀rẹ̀, kò ní ju bẹ́ẹ̀ lọ. Alfa tó ń tẹ̀wé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù wa ní kí n bá òun kọ ètò kékeré kan tí òun á máa fi ṣírò ohun tí òun tà. Mo kọ ọ́, mo sì pè é ní `ìṣirò-ọjà`, gbogbo àmì rẹ̀ pé sórí rẹ̀, torí mi ò rí ìdí tí Yorùbá inú kọ̀ǹpútà fi gbọ́dọ̀ wà níhòòhò. Nígbà tó ya, Alfa wọlé wá, ó ní, “Ìyá Ìbejì, orúkọ ọjà mi ti bàjẹ́ lójú ẹ̀rọ yín o.” Mo wò ó. `ìṣirò-ọj` ni, àmì ìbéèrè inú díámọ́ǹdì dúdú kan wà nídìí rẹ̀, gbogbo òpó tó tẹ̀lé e lórí ìlà yẹn sì ti wọ́.

Ẹ bá mi kà á. Téèyàn bá fojú kà á, ẹyọ mẹ́sàn-án ni, pẹ̀lú dáàṣì àárín rẹ̀. Ẹ wá fi báìtì kà á: ì jẹ́ 2, ṣ jẹ́ 3, i jẹ́ 1, r jẹ́ 1, ò jẹ́ 2, dáàṣì jẹ́ 1, ọ jẹ́ 3, j jẹ́ 1, à jẹ́ 2. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 16. Báìtì kan ló lé, kernel sì gé e. Báìtì tó gé yẹn ni ìdajì à, ó wá fi ìdajì kejì sílẹ̀ láìní ìtumọ̀. `tani` gbé ìdajì lẹ́tà yẹn fún tẹ́mínà bó ṣe wà. Lórí ìyẹn, báìtì ni mo fi ń wọn bí òpó orúkọ ṣe máa fẹ̀ tó, nígbà tó sì jẹ́ pé ọ tó gba báìtì mẹ́ta kò gbà ju àyè lẹ́tà kan lọ lójú tẹ́mínà.

Ohun mẹ́ta ni mo ṣe. Mo kọ́ `tani` láti yẹ UTF-8, ìlànà tí wọ́n fi ń sọ lẹ́tà di báìtì, wò, kó fi `?` rọ́pò báìtì tí kò bá pé. Mo jáwọ́ nínú `strlen`, tó ń ka báìtì, fún wíwọn òpó, mo mú `wcwidth`, tó ń ka àyè ojú tẹ́mínà, èyí tó mọ̀ pé àmì ohùn tó dá dúró, irú èyí tó wà lórí ẹ́ àti ọ̀, kì í gba àyè kankan. Mo sì kọ ọ́ sínú ìwé ìlò pé ẹni tó bá ń wá orúkọ tó gùn ju báìtì 15 lọ kó lo `pgrep -f`, èyí tó ń wo gbogbo ìlà àṣẹ tí wọ́n fi pe ètò náà, torí `pgrep` lásán, tó ń fi orúkọ inú àkámọ́ wá process, kò ní rí `ìṣirò-ọjà` láéláé. Ẹni tí èdè rẹ̀ kò ní àmì lórí lè tọ́jú irinṣẹ́ fún ogún ọdún kó má kan ìṣòro yìí. Àwa ló máa kàn, àwa ló sì yẹ ká kọ̀wé rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn irinṣẹ́ ńláńlá. Ibi tí mo ti rí àyè ọmọ Yorùbá nínú iṣẹ́ yìí jù nìyẹn.

Níwọ̀n bí a ti ń sọ̀rọ̀ ohun tó ń jáde sójú tẹ́mínà, ẹ má ṣe tẹ orúkọ process tàbí ìlà àṣẹ rẹ̀ síta bó ṣe wà láì yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹnikẹ́ni lè ki àmì ìdarí tẹ́mínà bọ inú rẹ̀, kó nu ojú tẹ́mínà yín tàbí kó kọ irọ́ síbẹ̀. Gbogbo àmì tí kì í ṣe èyí téèyàn lè kà, ẹ yí i padà sí `?`.

Kò pẹ́ sígbà yẹn ni ẹnì kan tó ń lo Raspberry Pi 5 kọ̀wé sí mi pé gbogbo mẹ́mórì tí `tani` ń fi hàn òun kò ju ìdá kan nínú mẹ́rin ohun tí `ps` ń sọ lọ. Ó tọ́. Mo ti kọ 4,096 lásán sínú kóòdù bí ìwọ̀n page, bẹ́ẹ̀ kernel tó ń bá Pi 5 wá ń lo page 16,384. Ẹ má kọ nọ́ńbà yẹn fúnra yín, ẹ bi ẹ̀rọ léèrè pẹ̀lú `sysconf(_SC_PAGESIZE)`. Bákan náà ni iye ẹyọ tí kernel ń pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí nígbà tó bá ń ròyìn àkókò process: 100 ni lọ́pọ̀ ibi, ṣùgbọ́n `_SC_CLK_TCK` lẹ gbọ́dọ̀ bi. Nọ́ńbà process náà tún ń tóbi sí i. Ṣáájú, 32,767 ni kì í kọjá. Lórí ẹ̀rọ 64-bit òde òní ó lè dé 4,194,303, nítorí náà àyè ẹyọ márùn-ún kò tó fún òpó PID (nọ́ńbà process) mọ́, ẹ fún un ní méje.

Ikú process gba sùúrù. Láàárín ìgbà tí irinṣẹ́ yín rí fódà 5120 àti ìgbà tó fẹ́ ka `stat` inú rẹ̀, process náà lè ti lọ. Ṣíṣí fáìlì lè kùnà pẹ̀lú `ENOENT` (kò sí fáìlì bẹ́ẹ̀), kíkà á lẹ́yìn ṣíṣí lè kùnà pẹ̀lú `ESRCH` (kò sí process bẹ́ẹ̀). Méjèèjì kì í ṣe àṣìṣe. Ẹ fò ó láìpariwo. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ `EACCES` (ẹ ò ní àṣẹ), ohun mìíràn nìyẹn: process wà láàyè, àwọn kan ni kò fẹ́ kẹ́ ẹ wò ó. Ibẹ̀ ni mo ti ń bá àwọn tó ń fi kóòdù ránṣẹ́ jà jù. Wọ́n á kọ 0 síbi tí wọn ò ti rí nǹkan kà. Mo máa ń dá a padà. Òdo túmọ̀ sí pé a wò ó, a sì rí i pé kò jẹ nǹkan kan. Ẹ fi `-` síbi tẹ́ ẹ ò bá rí kà.

Ẹ̀rù tó wà níbẹ̀ gan-an ni ti nọ́ńbà àtúnlò. Mo dá ojú ìwé `tani` dúró nígbà kan, mo gbé àmì lé process kan tó ti há, ìrun Àlàásárì dé, mo dìde lọ kírun. Ìgbà tí mo padà, mo tẹ bọ́tìnì ìpani. Process tó há yẹn ti kú fúnra rẹ̀ kí n tó dé, ẹ̀rọ yẹn ń bí àwọn process kéékèèké ní gbogbo ìgbà, nọ́ńbà ti yí po, wọ́n sì ti gbé nọ́ńbà rẹ̀ fún ètò tó ń ṣe ẹ̀dà ìpamọ́ ìwé oníbàárà kan. Òun ni mo pa. Ọjọ́ méjì ni mo fi tún un ṣe, owó mi ni mo sì fi ṣe é.

Láti ìgbà náà, `tani` kì í pa ẹnikẹ́ni lórí nọ́ńbà nìkan. Ẹ̀ka kejìlélógún nínú `stat` ni ìgbà tí process bẹ̀rẹ̀. Nọ́ńbà pẹ̀lú ìgbà ìbẹ̀rẹ̀ ló jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní kíkún. Láti Linux 5.3, ẹ lè lo `pidfd_open` láti di process mú, kẹ́ ẹ tún ìgbà ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kà, tó bá bá ti ojú ìwé mu, kẹ́ ẹ wá fi `pidfd_send_signal` ránṣẹ́ sí i. Tí kò bá bá a mu, ẹ sọ fún ẹni tó ń lò ó pé èyí tó rí ti lọ.

Ọ̀pọ̀ ìwé ẹ̀sùn tẹ́ ẹ máa gbà kò ní jẹ́ àṣìṣe kóòdù rárá, síbẹ̀ ẹ dá wọn lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ jù: “`ps` ní ètò mi ń lo 3.3% CPU, `top` ní 100%, èwo ló ń parọ́?” Kò sí èyí tó ń parọ́. `ps` ń pín gbogbo àkókò tí process ti fi ṣiṣẹ́ sí gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Ètò tó ti wà láti wákàtí mẹ́wàá, ìyẹn ìṣẹ́jú 600, tó sùn títí, tó wá jí ṣiṣẹ́ kíkankíkan ní ogún ìṣẹ́jú tó gbẹ̀yìn, 20 nínú 600 ni, 3.3%. `top` ní tirẹ̀, láti ìgbà tó tún ojú ìwé ṣe gbẹ̀yìn ló ń kà. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ìlò èyí tí irinṣẹ́ yín ń ṣe, lójú ewé àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ sì fi àpẹẹrẹ báyìí sí i. Ìkejì ni ti àwọn tó ń ní `kill -9`, àṣẹ ìpani tó le jù, kò ṣiṣẹ́. Bí ipò bá jẹ́ Z, òkú ni, òbí rẹ̀ ni kò tíì wá gbé e, ẹ ò lè pa òkú. Bó bá jẹ́ D, inú kernel ló wà níbi tó ti ń dúró de nǹkan, dísíìkì lọ́pọ̀ ìgbà, kò sì ní gbọ́ títí yóò fi jáde.

Èyí tó tẹ̀ lé e kan àwa tí iná kì í dúró fún. Kọ̀ǹpútà tí bátìrì kékeré inú rẹ̀ ti kú máa ń gbàgbé ọjọ́ nígbà tí iná bá lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àtijọ́, títí tí íntánẹ́ẹ̀tì yóò fi dé tún aago ṣe. Tí irinṣẹ́ yín bá ka `btime` (ìgbà tí ẹ̀rọ tàn) nínú `/proc/stat` lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nígbà tó bẹ̀rẹ̀, tó sì ń gbé e kiri, ọjọ́ tó máa kọ sí iwájú gbogbo process yóò jẹ́ ti ọdún tó ti kọjá. Ẹ tún un kà nígbà gbogbo tẹ́ ẹ bá ń tún ojú ìwé ṣe.

Fún ìdánwò, ẹ má gbára lé `/proc` ẹ̀rọ tiyín nìkan. Ẹ jẹ́ kí irinṣẹ́ yín lè gba fódà mìíràn dípò `/proc`, kẹ́ ẹ wá máa kó àwọn `stat` tó ti ṣe yín rí pamọ́ síbẹ̀: ti tmux, ti `(sd-pam)`, ti `ìṣirò-ọjà`, ti òkú tí ìlà àṣẹ rẹ̀ ṣófo. Bí ẹnì kan bá fi kóòdù tuntun ránṣẹ́, ẹ lò ó lórí gbogbo wọn. Mo ń ṣe é láìsí íntánẹ́ẹ̀tì àti láìsí iná, lórí láptọ́ọ̀pù, títí bátìrì yóò fi tán. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ń gba irú fáìlì bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ àwọn èèyàn, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n yọ `environ` (àwọn ìtọ́ni tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ process) kúrò, kí wọ́n sì ka `cmdline` (ìlà àṣẹ rẹ̀) dáadáa kí wọ́n tó fi ránṣẹ́. Mo ti rí ọ̀rọ̀ aṣínà (password) ibi ìpamọ́ owó níbẹ̀ rí. Mo pa á rẹ́, mo sì kọ̀wé sí ẹni náà pé kó pààrọ̀ rẹ̀ kíákíá.

Ẹ má rò pé torí pé irinṣẹ́ yín kàn ń wòran, kò lè ṣe ewu. Ní oṣù Karùn-ún 2018, ilé-iṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà Qualys tú àyẹ̀wò rẹ̀ lórí procps-ng síta, àkójọ ètò tí `ps`, `top`, `free` àti `pgrep` ti ń wá. Wọ́n rí i pé tí `HOME`, tó ń sọ ibi tí fódà ilé ẹni wà, kò bá sí, `top` ń ka fáìlì ìtọ́ni rẹ̀ (config) láti inú fódà tí ẹni tó pè é wà, kódà bó bá jẹ́ fódà ẹlòmíràn. Wọ́n tún rí i pé ẹni tí kò ní àṣẹ kankan ju kó bẹ̀rẹ̀ process lọ lè fi ìlà àṣẹ tó gùn gbọọrọ da mẹ́mórì `ps` tí ọ̀gá ẹ̀rọ ń lò rú. Ẹ̀dà 3.3.15 ló tún wọn ṣe. Ohun tí mo kọ́ níbẹ̀: gbogbo ohun tó ń ti `/proc` wá, ọwọ́ àlejò ló ti wá. Ẹ wọn gígùn rẹ̀ kẹ́ ẹ tó ṣí àyè fún un, kẹ́ ẹ má sì ka fáìlì ìtọ́ni láti ibi tẹ́ ẹ kàn bá ara yín.

Ti ìrísí ohun tó ń jáde, ẹ rọra. Ní 2014 ni `free`, tó ń fi mẹ́mórì tó kù hàn, yọ ìlà `-/+ buffers/cache` kúrò, tó sì fi òpó `available` sí i. Àyípadà tó dára gan-an ni, torí òpó yẹn sún mọ́ òtítọ́ iye mẹ́mórì tó kù, ṣùgbọ́n àwọn ètò tó ń ka ìlà kẹta nínú rẹ̀ fọ́. Tẹ́ ẹ bá máa fi òpó kún un, ẹ fi sí ìparí. Ẹ ṣe ìjáde kan sọ́tọ̀ fún àwọn ètò, JSON (ìlànà ìkọ̀wé tó rọrùn fún ètò láti kà) tó bá ṣeé ṣe, kẹ́ ẹ ṣèlérí pé ẹ ò ní yí i padà láìkìlọ̀ ẹ̀dà kan ṣáájú. Ìyẹn ni ẹ fi máa ní òmìnira láti tún ti ojú ènìyàn ṣe.

Ó wá ku ẹni tí yóò gbà á lọ́wọ́ yín. Hisham Muhammad, ọmọ Brazil, ló bẹ̀rẹ̀ `htop` ní 2004. Nígbà tó di 2020, àwọn mìíràn kó ara wọn jọ, wọ́n gba iṣẹ́ náà, wọ́n sì tú ẹ̀dà 3.0.0 jáde ní oṣù Kẹjọ ọdún náà. Èèyàn ń rẹ̀, ọmọ ń bẹ nílé, iṣẹ́ oúnjẹ ń bẹ. Ẹ kọ́ ẹlòmíràn kó tó rẹ̀ yín. Ṣùgbọ́n ẹ má fi kọ́kọ́rọ́ lé ẹni tó ń tì yín lọ́wọ́. Ní oṣù Kẹta 2024, Andres Freund, tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, rí i pé `sshd`, ètò tó ń jẹ́ kéèyàn wọ ẹ̀rọ láti ọ̀nà jíjìn, ń jẹ CPU ju bó ṣe yẹ lọ. Ó tọ ipasẹ̀ rẹ̀ dé inú xz, ètò tó ń fún fáìlì pọ̀, ẹ̀dà 5.6.0 àti 5.6.1, níbi tí ẹnì kan tó ń pe ara rẹ̀ ní Jia Tan ti fi ilẹ̀kùn ẹ̀yìn pamọ́ sí, lẹ́yìn tó ti bá alámòójútó tó ti rẹ̀ ṣiṣẹ́ fún ohun tó lé lọ́dún méjì.

Ọmọ IT mi ti parí àkókò rẹ̀, ó ti padà sílé wọn ní Ọ̀fà, ṣùgbọ́n kò fi `tani` sílẹ̀. Ọdún àkọ́kọ́, kò lè fi kóòdù wọlé àfi tí mo bá kà á. Ọdún kejì, mo ní kó máa ka tèmi náà, ó sì ti dá méjì padà nínú wọn. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló pè mí: “Àǹtí, mo ti rí ẹ̀rọ kan tí page rẹ̀ jẹ́ 65,536. Mo ti lo gbogbo fáìlì ìdánwò wa lórí rẹ̀. Ẹ wo ti `ìṣirò-ọjà`, òpó rẹ̀ tọ́ gbọọrọ.” Mo ní kó fi ṣọwọ́ sí mi. Mo kà á tán lálẹ́ ọjọ́ náà, mo sì ní kó tú ẹ̀dà tuntun jáde fúnra rẹ̀.